Kí ló dé tó fi ṣòro fún obìnrin láti yá owó ní báńkì? Ọ̀rọ̀ nípa ìwé ilẹ̀, onídùúró àti 'gbọ́mú-lé-láńtà'

Ká sọ pé ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan wà tó ń ta àdìrẹ lọ́jà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti wà nídìí òwò yìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó háyà, ó ní àwọn oníbàárà tó ń wá bá a láti Èkó àti Ìbàdàn, alájọ ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ọjà tó lè sọ pé obìnrin náà jẹ òun lówó tí kò san. Lọ́jọ́ tó wọ báńkì lọ pé òun fẹ́ yá mílíọ̀nù méjì náírà láti fi ra aṣọ funfun àti aró sílẹ̀ de ọdún, ìbéèrè mẹ́rin péré ni òṣìṣẹ́ báńkì bi í. Ṣé ẹ ní ìwé ilẹ̀, mà? Ṣé ẹ lè mú onídùúró méjì wá tó ń gba owó oṣù? Àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín ti oṣù mẹ́fà ńkọ́? Ìkẹrin ló jáde bí ẹni pé eré ni: ṣé bàbá àwọn ọmọ mọ̀ sí i?

Kò rí ìdáhùn tó tẹ́ báńkì lọ́rùn fún ọ̀kankan nínú wọn. Ó bá padà sọ́jà.

Ẹni àpẹẹrẹ ni obìnrin yìí o, ẹ má wá a lọ sí Ìtòkú. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó nínú ọjà rí, yálà Ọjà Ọba ni tàbí Bódìjà tàbí Mushin, á mọ irú ẹ̀ bíi mẹ́wàá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní báńkì náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ obìnrin káàkiri ilẹ̀ tó ń gòkè àgbà. Ilé iṣẹ́ IFC, tó wà lábẹ́ Báńkì Àgbáyé, ṣírò rẹ̀ pé owó tí òwò kéékèèké tó jẹ́ ti obìnrin nílò ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, tí wọn ò rí yá, tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 1.7 owó dọ́là.

Òfin ò dí wọn lọ́nà, kí ló wá dí wọn?

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó yé wa ni pé kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó sọ pé kí báńkì má yá obìnrin lówó. Abala 42 ìwé òfin ọdún 1999 tiẹ̀ sọ pé wọn ò gbọdọ̀ torí pé ẹnì kan jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin yà á sọ́tọ̀ fún ìyà. Obìnrin tó ti tó ọmọ ọdún 18 lè ṣí àkáǹtì fúnra ẹ̀, ó lè tọwọ́ bọ̀wé, ó lè gbé báńkì lọ sí kóòtù. Tí òṣìṣẹ́ báńkì bá ní kí ó lọ mú ọkọ ẹ̀ wá kó wá tọwọ́ bọ̀wé, àṣà ló ń lò. Kò sí òfin tó rán an níṣẹ́.

Àwọn ilẹ̀ òyìnbó tí a máa ń rò pé ojú wọn ti là tipẹ́, ẹ̀yìn kúkú ni wọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Faransé, ọdún 1965 ni obìnrin tó wà nílé ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lómìnira láti ṣí àkáǹtì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1974 ni òfin tó sọ pé kí báńkì má fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin tàbí obìnrin ṣe ìdíwọ́ fún ẹ̀yáwó tó jáde. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọdún 1975. Lásìkò tí ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ìyá tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ ti ń ná owó ara ẹ̀ bó ṣe wù ú tipẹ́, torí nílẹ̀ Yorùbá, owó tí obìnrin bá fi òwò pa, tirẹ̀ ni. Ọkọ ò lè kó o.

Síbẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà yìí. Báńkì Àgbáyé máa ń ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Global Findex. Nínú èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 2021, nínú ọkùnrin 100 tó ti dàgbà ní Nàìjíríà, 55 ló ní àkáǹtì. Nínú obìnrin 100, 35 péré ni. Ìyàtọ̀ 20 nìyẹn. Tí wọ́n bá da gbogbo ilẹ̀ tó ń gòkè àgbà pọ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin ò ju 6 lọ. Lóòótọ́, ìyàtọ̀ yìí pọ̀ lápá Àríwá ju apá ọ̀dọ̀ wa níbí lọ. Àmọ́ ní ọ̀dọ̀ wa náà, kí obìnrin ní àkáǹtì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, kí báńkì yá a lówó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá.

Ilẹ̀ ni báńkì ń wò

Báńkì kì í fẹ́ yá ènìyàn lówó lásán. Ó fẹ́ ohun ìdógò, ìyẹn ohun tó lè gbà tí gbèsè bá di aláìlèsan. Ohun tó sì fẹ́ràn jù ni ilẹ̀ tàbí ilé tó ní ìwé C of O. Gómìnà ìpínlẹ̀ ló ń fún ènìyàn ní ìwé yìí, láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti jáde. Kódà tí ìwé bá ti wà nílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ náà dúró ní báńkì tún gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Owó ni gbogbo ẹ̀, àsìkò sì ni.

Ta ló wá ní ilẹ̀ tó ní ìwé? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Nínú àṣà wa, ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ogún bàbá ẹ̀ bíi ti ọmọkùnrin. Yálà ìdí-igi ni wọ́n fi pín ogún tàbí orí-ò-jorí, wọn kì í yọ obìnrin sílẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ti fi ọwọ́ sí i láti ayé ìjọba amúnisìn. Lórí èyí, a sàn ju àwọn ibòmíì lọ. Nílẹ̀ Ìgbò, ó di ọdún 2014 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àṣà tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá ẹ̀ lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wà lórí ẹnu, ìwé wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Dáwódù ló sábà máa ń mú ìwé ilẹ̀ ẹbí dání, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ilẹ̀ ẹbí dúró gbọ́dọ̀ gba àṣẹ olórí ẹbí àti àwọn àgbà tó kù. Mélòó nínú àwọn ọmọbìnrin, tó ti wà nílé ọkọ ní ìlú míì, ló lè kó gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ pé kí wọ́n wá tọwọ́ bọ̀wé torí gbèsè tí òun fẹ́ jẹ?

Nílé ọkọ ńkọ́? Lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀, ìyàwó ò sí lára àwọn tó ń jogún ọkọ. Ọmọ ló ń jogún. Obìnrin tó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, èyí tí a ń pè ní ti kóòtù, ló ní ìpín tó dájú. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló ti gbé owó sìmẹ́ǹtì kalẹ̀, tó ti ra búlọ́ọ̀kù, tó se oúnjẹ fún àwọn bíríkìlà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, àmọ́ orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí rìsíìtì ilẹ̀. Ní ọjọ́ tó bá fẹ́ yá owó, báńkì ò mọ̀ pé ó dá sí ilé náà. Orúkọ tó wà lórí ìwé ni báńkì mọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn agbẹjọ́rò fi máa ń gba tọkọtaya níyànjú pé tí wọ́n bá jọ ra ilẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì ni kó wà lórí rìsíìtì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó rọrùn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìjà ló máa dà.

Òwò wà, àkọsílẹ̀ ò sí

Báńkì tún máa ń wo bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde nínú àkáǹtì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló jẹ́ pé owó tó ń gba ọwọ́ wọn kọjá lọ́sẹ̀ kan ju owó oṣù ọ̀gá ọ́fíìsì lọ, ṣùgbọ́n kò gba inú àkáǹtì kọjá. Ó gba ọwọ́ alájọ, ó gba inú èsúsú, ó gba ọwọ́ ẹni tó gbé ọjà wá láti Òkè-Ọya. Tí wọ́n bá tẹ àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà jáde, òfìfo ni báńkì á rí. Sọ́fútíwià tí wọ́n fi ń ṣírò ẹni tó yẹ kí wọ́n yá lówó kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọlúàbí. Nọ́ńbà ló mọ̀.

Bí èsúsú ṣe rí rọrùn. Ènìyàn mẹ́wàá, ká sọ bẹ́ẹ̀, á máa dá iye kan náà lọ́sẹ̀, ẹnì kan á kó gbogbo ẹ̀, títí á fi kan gbogbo wọn. Kò sí èlé, kò sí ìwé. Ètò yìí ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú fi gbé e rékọjá òkun. Ní Trinidad títí dòní, "susu" ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ ibi tí èsúsú mọ náà ni èyí: owó ara wọn ni wọ́n ń dá. Tí ọjà bá fẹ́ gbòòrò kọjá agbára àwọn mẹ́wàá náà, ó di dandan kí owó míì ti ìta wá.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ owó ńlá ò kan obìnrin látijọ́, ẹ rántí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Àwọn òpìtàn sọ pé òun ló máa ń fún àwọn jagunjagun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn kí wọ́n tó lọ sójú ogun, Ààrẹ Látòósà fúnra ẹ̀ wà lára àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, kó tó di pé wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè tí wọ́n sì pa á ní 1874. Obìnrin ló ń yá àwọn ọkùnrin lówó nígbà náà.

Orúkọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀

Àwọn kan á ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin, pé báńkì ò mọ ju ìwé lọ, ẹni tó bá ní ìwé á rí owó gbà. Àwọn onímọ̀ kan dán èyí wò ní ilẹ̀ Tọ́kì. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tó ń ṣe ètò ẹ̀yáwó jọ, wọ́n sì fún wọn ní fáìlì àwọn tó fẹ́ yá owó pé kí wọ́n ṣèpinnu lé e lórí. Fáìlì kan náà ni, òwò kan náà, nọ́ńbà kan náà. Ohun tí wọ́n pààrọ̀ ni pé orúkọ ọkùnrin wà lórí ti àwọn kan, orúkọ obìnrin wà lórí ti àwọn yòókù.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ò ṣàdédé ní kí obìnrin máa lọ. Ohun tí wọ́n ṣe fara sin ju ìyẹn lọ: tí fáìlì bá jẹ́ ti obìnrin, ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n ní kó lọ mú onídùúró wá. Ọkùnrin tí nǹkan ẹ̀ rí bákan náà á gba owó láìsí onídùúró. Ẹni tó bá ti wá onídùúró rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ki ènìyàn kú òwò ló fẹ́ fi owó oṣù ẹ̀ dúró fúnni.

Ṣé obìnrin kì í san gbèsè ni? Ìwádìí kan tó jáde ní 2011, tó yẹ ilé iṣẹ́ ẹ̀yáwó kéékèèké 350 wò ní orílẹ̀-èdè 70, rí i pé ibi tí obìnrin bá ti pọ̀ nínú àwọn tó ń yá owó, gbèsè tó ń sọnù kéré sí i níbẹ̀.

Owó gbọ́mú-lé-láńtà

Nígbà tí báńkì ńlá bá ti ilẹ̀kùn, ibòmíì ló kù. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn ilé ẹ̀yáwó kéékèèké ti pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Wọn kì í béèrè ìwé ilẹ̀. Wọ́n ń wá ọlọ́jà bá nídìí ìsọ̀ ẹ̀, wọ́n ń sọ Yorùbá, obìnrin sì ni wọ́n fẹ́ràn láti yá lówó. Àwọn ènìyàn fún owó yìí ní orúkọ tó ń pani lẹ́rìn-ín tó sì ń dunni: gbọ́mú-lé-láńtà. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn ò nílò àlàyé nípa bí iná ẹ̀ ṣe ń jó obìnrin.

Inú Bangladesh ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ti gbajúmọ̀. Ní 1976, olùkọ́ yunifásítì kan tó ń jẹ́ Muhammad Yunus yá àwọn ènìyàn 42 ní abúlé Jobra ní owó tí kò ju dọ́là 27 lọ láti àpò ara ẹ̀. Ibẹ̀ ni Grameen Bank ti bẹ̀rẹ̀, tó di báńkì gidi ní 1983, tí òun àti báńkì náà sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2006. Obìnrin ló pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń yá owó níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò ilẹ̀ ni ẹgbẹ́: àwọn obìnrin á kó ara wọn jọ, wọ́n á máa ṣe ìpàdé lọ́sẹ̀, wọ́n á sì máa san owó díẹ̀díẹ̀. Tí ẹnì kan ò bá rí owó san, ojú àwọn yòókù ló máa ń tì í.

Ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ojú títì nìkan. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ ló máa dá owó ẹni tí kò san. Ìpàdé tó yẹ kó parí láàárín wákàtí kan á di ọ̀sán, torí wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ títí owó á fi pé. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀yáwó á lọ jókòó sílé onígbèsè, níwájú orogún, níwájú àna, níwájú onílé. Àwọn àgbà tó bá gbọ́ èyí á ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Wọ́n ti máa ń lọ dógò ti onígbèsè láyé àtijọ́, tí ẹni tí wọ́n rán á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, á máa ki ẹran ọ̀sìn tó bá kọjá mọ́lẹ̀, títí ara ilé á fi wá owó jáde. Ara inú ọ̀rọ̀ yẹn náà ni "ohun ìdógò" tí báńkì ń béèrè ti jáde.

Ibi tó yẹ kí gbogbo obìnrin tó fẹ́ gba owó yìí ti mú bírò ni ìṣirò èlé. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Wọ́n ní àwọn máa yá ìyá kan ní 100,000 náírà, pé kó máa san 5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 120,000. Òṣìṣẹ́ á ní, "Èlé ẹ ò ju 20 nínú 100 lọ, mà, báńkì ńlá ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó sì jọ òótọ́, torí ní oṣù kọkànlá 2024, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n gòkè dé 27.5, àwọn báńkì sì ń fi tiwọn lé e.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Lákọ̀ọ́kọ́, ti báńkì ńlá yẹn jẹ́ fún ọdún kan gbáko, èyí ò tó oṣù mẹ́fà. Ìkejì, wọ́n ti yọ 10,000 sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé owó ìfipamọ́ ni, tí kò ní lè fọwọ́ kàn títí yóò fi san gbèsè tán. Nítorí náà, 90,000 ló gbé délé. Ìkẹta, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń dá owó padà. Nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó ti dá ìdajì padà, ṣùgbọ́n èlé tó ń san ṣì jẹ́ ti 100,000. Tí a bá fojú wo iye tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ láti fi ṣòwò ní gbogbo àsìkò náà, kò ju bíi 40,000 lọ. Èlé 20,000 lórí 40,000, ìdajì nìyẹn, láàárín oṣù mẹ́fà. Aṣọ wo ni wọ́n ń tà lọ́jà tó ń mú èrè bẹ́ẹ̀ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ òjò, pẹ̀lú ọjọ́ tí ọmọ ń ṣàìsàn?

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń gba ti ibì kan láti fi san ti ibòmíì. Tó bá ti dé ibẹ̀, ó ti di sọgúndogójì. Ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní Íńdíà, ọ̀rọ̀ yìí le débi pé ní 2010, lẹ́yìn ìròyìn pé àwọn onígbèsè kan pa ara wọn, ìjọba ibẹ̀ gbé òfin jáde láti ká àwọn ilé ẹ̀yáwó lọ́wọ́ kò.

Ká má bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo ẹ̀ o. Obìnrin wà tó fi owó kékeré yìí bẹ̀rẹ̀ tó sì ti kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, lára wọn ni Íńdíà, Ethiopia, Morocco àti Mexico, tí wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2015, ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀yáwó kékeré ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn rọ́wọ́ yí díẹ̀, kì í sábà fa ènìyàn yọ nínú ìṣẹ́. Owó tó kéré, tó ń béèrè sísan láti ọ̀sẹ̀ kejì, kò lè ra ẹ̀rọ. Ọjà tí wọ́n máa tà kíákíá ló wà fún. Owó tó lè sọ oníṣòwò di aláṣelà, báńkì ńlá ló ṣì wà.

Nǹkan kan tún wà tí a kì í sọ síta: kì í ṣe gbogbo owó tí obìnrin bá yá ni obìnrin ń ná. Nítorí pé àwọn ilé ẹ̀yáwó yìí fẹ́ràn obìnrin, àwọn ọkọ kan á ní kí ìyàwó lọ gba a wá. Owó á di ti ọkọ̀ ọkọ tàbí ti ilé tí ọkọ ń kọ́, orúkọ ìyàwó á sì wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá dógò, ìyàwó ni wọ́n máa béèrè.

Kí ni ìjọba ti ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí àwọn tó wà lókè. Lẹ́yìn àpérò àjọ UN lórí ọ̀rọ̀ obìnrin ní Mexico ní 1975, àwọn obìnrin kan dá ẹgbẹ́ Women's World Banking sílẹ̀ láti bá àwọn báńkì sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ́ alága wọn àkọ́kọ́ kì í ṣe òyìnbó. Esther Ocloo ni, ará Ghana, tó fi ṣílè mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọsàn sínú ìgò tà kó tó di oníléeṣẹ́ ńlá. Òun mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní Nàìjíríà, CBN gbé owó bílíọ̀nù 220 náírà kalẹ̀ ní 2013 fún àwọn òwò kéékèèké, èlé ẹ̀ jẹ́ 9 nínú 100, wọ́n sì ní ìdá 60 nínú 100 owó náà jẹ́ ti obìnrin. Ó dára lórí ìwé. Àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ ọlọ́jà ni owó náà ń bọ́ sí tààrà. Àwọn ilé ìfowópamọ́ ni wọ́n ń kó o fún kí wọ́n tó yá a síta, àwọn kan náà tó ń béèrè onídùúró. Nígbà tó di 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé TraderMoni dé, tó bẹ̀rẹ̀ láti 10,000 náírà láìsí ohun ìdógò. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ló gbà á. Ẹ̀gbẹ̀rún mẹ́wàá ò kúkú ra ju apẹ̀rẹ̀ tòmátì bíi mélòó kan lọ.

Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ńkọ́? Sẹ́nétọ̀ Abíọ́dún Olújìmí láti Èkìtì gbé àbádòfin ìdọ́gba láàárín ọkùnrin àti obìnrin lọ síwájú ilé ní oṣù kẹta 2016. Àwọn akẹgbẹ́ ẹ̀ dà á nù. Àwọn kan ní ó tako ẹ̀sìn, àwọn kan ní ó tako àṣà. Ó tún gbé e padà, síbẹ̀ kò di òfin.

Èyí tó lè wúlò jù fún obìnrin ọjà ni ọ̀pọ̀ ò tíì gbọ́ nípa ẹ̀. Láti 2016 ni CBN ti dá ibì kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ orúkọ dúkìá tó ṣeé gbé kiri sílẹ̀, National Collateral Registry ni wọ́n ń pè é, òfin tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ sì jáde ní oṣù karùn-ún 2017. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló lè jẹ́ ohun ìdógò mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, fíríjì, mọ́tò, ẹran ọ̀sìn, irè oko, kódà ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ni òfin gbà pé ènìyàn lè fi dúró. Ilé tó yáni lówó ló máa forúkọ dúkìá náà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹlòmíì má bàa tún gbà á dúró. Dúkìá ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Á máa fi ṣiṣẹ́ lọ.

Òfin ò sọ pé dandan ni kí báńkì gbà á o. Tí òṣìṣẹ́ báńkì bá ní ilẹ̀ nìkan ni àwọn mọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá wọlé tó sì béèrè pé, "Ṣé ẹ̀ ń gba dúkìá tó ṣeé gbé kiri, tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní CBN?" á yàtọ̀ lójú wọn sí ẹni tó kàn dákẹ́.

Kó tó di pé ẹ tọwọ́ bọ̀wé

Ìbéèrè tó tọ́ kì í ṣe "ẹ̀ẹ́lòó lèlé yín?" nìkan. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà: iye tó máa wọ ọwọ́ yín gan-an, iye tí ẹ máa san títí á fi tán, àti ohun tí wọ́n máa ṣe tí ọ̀sẹ̀ kan bá fò. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè san án tán ṣáájú ọjọ́ kí èlé sì dín kù. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mọ ohun tó ń pa mọ́.

Ẹ tún mọ̀ pé láti 2020, CBN ti fún àwọn tó ń yáni lówó láṣẹ láti yọ gbèsè tó ti kọjá ọjọ́ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tí onígbèsè bá ní, ní báńkì yòówù kó jẹ́, níwọ̀n ìgbà tí BVN ẹ̀ bá ti so wọ́n pọ̀. Ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé gba owó fún ọkọ tàbí fún ẹ̀gbọ́n, àkáǹtì tirẹ̀ ni wọ́n máa yọ ọ́. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ tó fi pamọ́ síbòmíì ò yọ sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò kánjú, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣì wà. Láti ọdún 1935 ni òfin ti fọwọ́ sí wọn ní Nàìjíríà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń lò ó láti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi èlé pa wọ́n. Ọmọ ẹgbẹ́ á máa fi owó pamọ́ fún oṣù bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ó lè yá ìlọ́po méjì iye tó ní, ní èlé tó kéré, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì á sì dúró fún un. Èrè tó bá jáde lópin ọdún, wọ́n á pín in. Àléébù ẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́, àti pé ẹgbẹ́ tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, akápò lè gbé gbogbo ẹ̀ sá lọ.

Ìyá aládìrẹ Ìtòkú yẹn, ká sọ pé ó lọ sí báńkì míì nígbà tó yá. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti ń gba owó àwọn oníbàárà Èkó ẹ̀ sínú àkáǹtì fún oṣù mélòó kan, ó ti forúkọ òwò ẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, ó sì mú ìwé kékeré kan dání tó kọ iye yáàdì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù sí. Wọ́n tún bi í pé bàbá àwọn ọmọ ńkọ́. Ó ní, "Ó wà nílé. Ṣé òun náà fẹ́ yá owó ni?"